Orúkọ tí Kò Sí Nínú Bíbélì Bàbá Mi

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní ọdún kejì tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí bàbá mi ké sí mi láti yàrá rẹ̀ nínú ilé wa ní Òkè Fìà, l'Óṣogbo. Àkókò náà dá mi lójú, nítorí pé aago ògiri tí wọ́n fi ta bàbá mi lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé dojú kọ ẹní tí mò ń sùn lé, òun sì ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ bá bí mo bá jí. Mo ṣílẹ̀kùn, òórùn yàrá náà sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: òórùn àdí tí ìyá mi fi ń pa á lára, ti káńfọ̀, ti òógùn tó ti gbẹ mọ́ aṣọ ìbora, àti òórùn ìwé tó ti pẹ́. Òórùn ìwé yẹn, ti Bíbélì rẹ̀ ni. Ó gbé e lé àyà, Bíbélì ńlá aláwọ dúdú, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà mí pé kò ní jẹ́ kó mí dáadáa.

"Ka orúkọ fún mi," ni ó wí.

Mo bi í pé orúkọ wo. Ó ní gbogbo wọn, láti orí Adamu.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì ni. Ìmọ̀ ẹ̀sìn ni mo kà, mo sì ń dúró de lẹ́tà iṣẹ́ tí kò dé. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Kò sì tíì balẹ̀ títí di òní. Bí ènìyàn bá dákẹ́, n ó rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀, n ó máa wá ohun tí kò sọ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí bàbá mi ti dùbúlẹ̀. Àwọn dókítà ti ní ká máa gbé e lọ sílé. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Nítorí náà, nígbà tó ní kí n ka orúkọ, àlàyé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Mo ní àwọn olùkọ́ wa kọ́ wa pé nígbà tí àwọn Júù ti oko ẹrú dé ni wọ́n to ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran wọ̀nyẹn jọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó lè ṣe àlùfáà. Pé àwọn kan tilẹ̀ wá orúkọ wọn nínú ìwé, wọn kò rí i, a sì yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Mo sọ ọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, kì í ṣe ìmọ̀. Bàbá mi di ojú, ó ń gbọ́.

"Ṣé ó tán?" ni ó bi mí.

"Ó tán, sà."

"Ó dára. Yunifásítì ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Wàyí o, ka orúkọ."

Mo kà. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, n ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, n ó máa ka Adamu, Seti, Enoṣi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bí ẹni, ẹni tó gbé ayé fún ọdún báyìí, ẹni tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dọ́gbọ́n fo díẹ̀ nínú wọn, nítorí ahọ́n mi ti rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló máa ń là.

"Padà. O ti fo ẹnìkan."

Gáàdì ni bàbá mi nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì ti lo ọdún púpọ̀ láàárín Èkó àti Kánò. Gbogbo ibùdó ọ̀nà náà ló wà lórí rẹ̀. Ó máa ń sọ pé tí ọkọ̀ bá fo ibùdó kan, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè má mọ̀. Àwọn tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn ni yóò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyẹn. Èmi tí mo ti kọ ìdánwò lé wọn lórí, mi ò tíì rí wọn bíi ènìyàn rí.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, a dé ibi ikú Abrahamu. Mo ka bí Isaaki àti Iṣmaeli ṣe jùmọ̀ sin bàbá wọn sínú ihò Makipela, mo sì ń lọ. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n máa bọ̀. Mo ka ohun tó tẹ̀ lé e: kí ìwé tó sọ̀rọ̀ ìran Isaaki, ó kọ́kọ́ to orúkọ àwọn ọmọ Iṣmaeli, Nebajoti, Kedari, gbogbo wọn, títí wọ́n fi pé méjìlá. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ojú bàbá mi sínú etí rẹ̀.

"Wọ́n lé e jáde," ni ó wí. "Òun àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ìgò omi kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n wọn ò fo orúkọ rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "O ní ẹ̀gbọ́n."

Mo rántí pé mo ń wo ìka ara mi lórí ìwé, bí ẹni pé ìka ẹlòmíràn ni. Ohùn kan náà tó fi ń bèèrè omi ló fi sọ ìtàn náà fún mi. Iléṣà ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ló sì wà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tó fi bímọ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wọn, láìsan ohunkóhun lórí rẹ̀, láìgbéyàwó. Àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà bínú, wọ́n sì kó òun àti ọmọ náà lọ sí Ìpẹ́rindó, ní oko. Bàbá mi wá sí Òṣogbo, ó wọ iṣẹ́ reluwé, ó di ọmọ ìjọ. Nígbà tó fẹ́ fi òrùka gbé ìyá mi níyàwó, àlùfáà bi í bóyá ó ti bímọ rí.

"Mo dúró níwájú pẹpẹ," ni bàbá mi wí, "mo ní mi ò lọ́mọ."

Ohun tó fẹ́ kò ju ọ̀kan lọ. Láàárín Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun nínú Bíbélì rẹ̀, ojú ewé kan wà fún orúkọ àwọn ará ilé. Ó fẹ́ kí n lọ mú ẹ̀gbọ́n mi wá, kí òun fi ọwọ́ ara òun kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ lójú rẹ̀, kí òun tó lọ. Ó sọ orúkọ náà fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá kà á tán.

Ìyá mi wà nílé ìdáná, ó ń ro ẹ̀kọ mímu fún un. Mi ò tíì lanu tó fi sọ̀rọ̀.

"Ó ti sọ fún ọ."

"Ẹ mọ̀, màmá?"

"Mo mọ̀ kí o tó dáyé. Ṣé o rò pé gbogbo ẹni tó dákẹ́ ni adití?" Ó gbé orógùn ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Lọ mú un wá. Bó bá dé, yóò jẹun, yóò rí omi wẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sí ojú ewé yẹn."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó bi mí pé ṣé mo mọ ibi tí wọ́n sin àwọn méjì tó bí ṣáájú mi sí. Mo ní mi ò mọ̀.

"Èmi náà ò mọ̀. Òbí kì í mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ilé ló gbé wọn lọ, wọ́n dé, wọn ò sọ ibi tí wọ́n lọ. Ìwé yẹn ni mo máa ń ṣí bí mo bá fẹ́ rí wọn. Mi ò mọ̀wé kà, àmọ́ mo mọ ìlà tí wọ́n wà. Ibojì ọmọ mi ni. Ṣé kí wọ́n wá kọ ọmọ ẹlòmíràn lé wọn lórí?"

Mo dúró síbẹ̀ láàárín ìyá àti bàbá, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bá wí. Ohun tó burú jù ni pé òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ìjà tí ẹnìkan jẹ̀bi nínú rẹ̀ rọrùn. N bá mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo wà.

Ní àárọ̀ Sátidé mo wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Iléṣà, mo sì tún wọ òmíràn lọ sí Ìpẹ́rindó. Ìwé àjákọ kan àti bírò wà lọ́wọ́ mi. Erùpẹ̀ pupa bo aṣọ funfun mi kí n tó sọ̀. Lẹ́bàá odò tí a gbà kọjá, mo rí àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ láti wá góòlù, àwọn ọkùnrin dúró sínú wọn dé ìgbáròkó, omi odò náà sì pọ́n bíi tíì oníwàrà. Wọ́n júwe ilé fún mi. Obìnrin kan ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí ẹní, àwọn ọmọdé sì ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ìwé ọwọ́ mi kó tó wo ojú mi.

"Ìwọ tó gbé bírò dání, ṣé owó orí lo wá gbà? Ọkọ mi ò sí ní ulé. Bó sì wà, kò sí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó yí mi ká bí ẹni tó ń yẹ ewúrẹ́ wò lọ́jà, lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀ sórí kòkó náà.

"Ọkọ mi kékeré dé," ni ó wí. "Iwájú orí yìí, kò ṣeé jí gbé."

Ẹ ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ló pè mí. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fà mí wọ inú ìran tí bàbá mi fi odindi ayé rẹ̀ pa mọ́. Ó gbé omi wá, ó gbé iṣu sísun wá, ó rán ènìyàn sí odò níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá.

Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ojú bàbá mi ni mo rí, ojú bàbá mi kí àìsàn tó bà á jẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, aṣọ funfun ni mo wọ̀. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ láìjá lu ọ̀rọ̀ mi. Ìgbà tí mo parí, ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé ó ń jẹun?"

"Díẹ̀díẹ̀, sà."

Ó ń fi igi kékeré họ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Èmi náà ti ń retí kí ẹnìkan wá," ni ó wí. "Ó pẹ́ díẹ̀ ni. N ó tẹ̀ lé ọ lọ."

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó: ká ní mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gùn mí. Àwọn ọmọ Iṣmaeli méjìlá ni mò ń rò, tí a to orúkọ wọn pé pérépéré. Mo fẹ́ kí ti ẹ̀gbọ́n mi náà pé bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìwé àjákọ mi, mo sì wí pé, "Ẹ ní ọmọ mélòó, sà? Kí n kọ orúkọ wọn, àti ti àwọn tó bá ti kú."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó kó àwọn ọmọ náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ bo orí èyí tó kéré jù, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé aṣọ dúdú ló ró. Ọmọ ilé wo ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Èmi mọ̀. Mo tilẹ̀ mọ̀ pé Dáfídì ọba ka àwọn ènìyàn rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn sì tẹ̀ lé e. Mo ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì yege. Ìwé àti bírò ló mú mi gbàgbé ilé tí mo ti wá.

"Ó ku ọjọ́ mélòó kan kó pé oṣù méjì tí a sin ọ̀kan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bàbá tí kò kà mí mọ́ ọmọ, òun ló rán ọ wá ka ọmọ mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Kò rán mi ní ti ọmọ. Èmi ni mo..."

"Máa lọ. Ọkọ̀ kì í pẹ́ tán níbí."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kòkó, mo bẹ̀ ẹ́, mo sọkún. Ó ti padà sí odò. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn títí oòrùn fi yẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí mo dé Òṣogbo, bàbá mi ti ń wo ẹnu ọ̀nà. "Ńkọ́?"

"Ó ní òun ń bọ̀, sà."

Irọ́ kọ́ ni pátápátá, ìyẹn ni mo ń sọ fún ara mi. Ó ti sọ ọ́ ná, kí n tó lanu béèrè iye ọmọ rẹ̀. Bàbá mi ní kí n fá irùngbọ̀n òun. Ó ní kí n wọ ẹ̀wù funfun fún òun, ó sì gba bírò lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Àìkú kọjá. Ọjọ́ Ajé kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti dún lójú títì, yóò gbé orí díẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí. Ìyá mi ń wo èyí, ó ń nu ojú rẹ̀ fún un. Èmi kò lè jẹun, n kò sì lè jẹ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó kú, yíǹkì bírò náà sì ti ta sára aṣọ ìbora.

Mo ránṣẹ́ sí Ìpẹ́rindó lọ́wọ́ awakọ̀ kan, láìretí ohunkóhun. Ní ọjọ́ ìsìnkú, bí wọ́n ti sọ pósí kalẹ̀ sínú ilẹ̀, mo gbójú sókè, mo sì rí i. Ó dúró sábẹ́ igi fúrúùtù ní ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ reluwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ó wọ agbádá tí kò bá a mu, bàtà rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Àlùfáà ní kí àkọ́bí bọ́ síwájú, kó bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé e, ó sì dá a dúró, ó ń wò mí. Ìyá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò dì í le. Bí mo bá fà á, yóò jọ̀wọ́ mi. Mo mọ gbogbo ẹsẹ Bíbélì tó yẹ kí n rántí, mo sì rántí wọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu erùpẹ̀, mo dà á sórí bàbá mi.

Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, mo bojú wẹ̀yìn láti ẹnu géètì. Ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ agbádá, ó ti gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àwọn tó ń kún ibojì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ ni. Ó ń ṣe é láìyára, láìdúró, ó ń fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ etí rẹ̀ kó gún régé. Mo dúró títí ó fi parí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

"Bá mi kí ìyá rẹ kú ara fẹ́ra kù," ni ó wí. Kò yà sílé jẹun.

Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Iléṣà ni mo ti ń ṣe olùkọ́, ìrìn Ìpẹ́rindó kò jìnnà sí mi, mi ò sì lọ. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìran wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí Mahalaleeli, mi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti gbàgbọ́ pé ìdí tí Ọlọ́run fi jẹ́ kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí a fo ẹnikẹ́ni, bí ènìyàn tilẹ̀ fò ó. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí ohun kan tí olùkọ́ kankan kò kọ́ mi. Sara ti kú ṣáájú kí Isaaki àti Iṣmaeli tó pàdé ní Makipela. Kò sí ìyá tó di ọwọ́ Isaaki mú. Ìyá tèmi wà láàyè, mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí oore tí mo máa ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi máa dúró de ikú rẹ̀.

Ìyàwó mi ti wọ oṣù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi ránṣẹ́ pé kí n gbé Bíbélì bàbá mi, tí mo jogún, bọ̀ wá sí Òṣogbo, kí a lè kọ orúkọ ọmọ náà sí i bí a bá ti sọ ọ́. Mo ṣí ojú ewé náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì tó ti lọ wà níbẹ̀, èmi tẹ̀ lé wọn, ìlà tó kàn sì ṣófo. Bí mo bá kọ ọmọ mi síbẹ̀, mo ti fo ẹnìkan lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá kọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tẹ ibojì àwọn ọmọ ìyá mi mọ́lẹ̀, mo sì ti kọ orúkọ ẹni tí kò fún mi láṣẹ. Bí mo bá sì lọ sí Ìpẹ́rindó lọ bèèrè àṣẹ náà, ojú wo ni n ó fi wo obìnrin tó pè mí lọ́kọ? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí irú èyí ti bá rí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí mi kí ìyàwó mi tó bímọ: ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí sì ni kí n sọ bí mo bá débẹ̀?